Òkìkí Aṣáájú Kọ́ Ni Iye Àwòrán Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn olùfẹ́ nǹkan àtijọ́ ní Kútò, Abẹ́òkúta, nìyí. Mo ti gé àwọn ibi tí mo ti ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn rẹ̀.

Alága wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi òde ìnáwó Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí bébà tó ti gbó, ẹ kú ìjókòó o.

Àwòrán tó wà lórí tábìlì yìí, Abraham Lincoln ni, ààrẹ kẹrìndínlógún ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀wù dúdú ló wọ̀, aṣọ ìkélé pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, tábìlì tí wọ́n fi aṣọ àwọ̀ ewé bò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdílé kan nínú ìlú yìí ló ni ín. Wọ́n ní kí n díye lé e, wọ́n sì gbà kí n ṣe é lójú gbogbo yín, bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ àwọn. Kí n tó fọwọ́ kàn án rárá ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà ti sọ fún mi pé òun ti fojú bù ú, pé mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà ni òun rí. Mo ní báwo ló ṣe dé ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Lincoln ni!"

Gbólóhùn yẹn ni mo wá bá jà lónìí.

Lincoln ni lóòótọ́, ìdí gan-an nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi lè ga tó bẹ́ẹ̀. Aṣáájú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wá àwòrán rẹ̀ rà, òǹtẹ̀wé á sì máa tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnu oníbàárà kò bá pa dé. Iléeṣẹ́ tó tẹ èyí, Currier & Ives ní New York, iṣẹ́ tiwọn ni kí àwòrán wọ ilé tálákà. Nathaniel Currier ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1839, James Merritt Ives di alábàáṣe rẹ̀ ní 1857, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní 1907. Oríṣi àwòrán tó lé ní 7,000 ni wọ́n tẹ̀ jáde: ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin sísá, iná tó ń jó ilé, ìlú nínú yìnyín, àti àwọn olóṣèlú. Sẹ́ńtì mélòó kan ni wọ́n ń ta àwọn kékeré. Àgbẹ̀ tó dìbò fún Lincoln lè ra ọ̀kan lọ́jà kó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n wá pa á ní oṣù Kẹrin 1865, kò sí òǹtẹ̀wé tó sùn. Gbogbo wọn ló ń tẹ Lincoln. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń wá Lincoln lónìí fi ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ẹnì kan tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Martin Delany, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní 1812, dé ìlú yìí ní 1859, ọdún kan náà tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbí. Òun àti Robert Campbell wá wá ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wọn tó wà lóko ẹrú àti lábẹ́ ìyà lókè òkun lè padà sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn àti Aláké pẹ̀lú àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Àdéhùn náà kò dúró. Ojú àwọn òyìnbó oníwàásù kò gbà á, àwọn ìjòyè sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó yá. Delany padà sílé. Ní oṣù Kejì 1865, ó lọ rí Lincoln fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di Májọ̀, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú ipò bẹ́ẹ̀ láti darí ọmọ ogun nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Òǹtẹ̀wé kan tẹ àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ológun àti idà, wọ́n sì fi ọwọ́ kùn ún. National Portrait Gallery ní Washington ní ọ̀kan.

Ẹni mélòó nínú gbọ̀ngàn yìí ló mọ orúkọ Delany kí n tó dárúkọ rẹ̀? Ẹ má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí àwòrán Delany àti ti Lincoln yìí bá jọ dé orí gbàǹjo lọ́jọ́ kan náà, tí méjèèjì sì mọ́ bákan náà, ti Delany ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí. Àwọn tó rà á nígbà náà kò pọ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lónìí kéré gan-an, àwọn tó ń wá a báyìí sì ń pọ̀ sí i.

Ó ku bí a ṣe ń mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ohun tí a rò pé ó jẹ́.

Alois Senefelder ní ilẹ̀ Jámánì ló hùmọ̀ títẹ àwòrán láti orí òkúta ní 1796. Òkúta ẹfun tó tẹ́jú ni. Wọ́n á fi ẹfun ọlọ́ràá ya àwòrán sí i lára, wọ́n á wá fi omi rin òkúta náà. Ibi tí ọ̀rá wà kò ní gba omi. Ibi tí omi wà kò ní gba yíǹkì. Ẹ̀yin ará Ìtòkú mọ ọgbọ́n yìí ju mi lọ, nítorí ọgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló wà níbẹ̀: láfún tí aládìrẹ fi ìyẹ́ ya sára aṣọ ni kò jẹ́ kí aró wọlé. Ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá kó àdìrẹ mẹ́ta síwájú ìyá aládìrẹ, ọ̀kan tí wọ́n fọwọ́ yà, ọ̀kan tí wọ́n fi páànù tẹ̀, ọ̀kan tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà, kò ní bèèrè ẹni tó rà á tàbí ọdún tó rà á. Á yí aṣọ náà sẹ́yìn, á wo etí ìlà, ó tán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe sí àwòrán náà nìyẹn.

Ẹ wá awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń so mọ́ ojú. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ gbé e lé ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ nínú àwòrán, bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ìṣẹ́po ẹ̀wù. Bó bá jẹ́ pé orí òkúta ló ti wá, ẹ óò rí ẹ̀rún dúdú wúruwùru, òmíràn ńlá, òmíràn kékeré, kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba, nítorí orí òkúta kì í dán tán, ibi tó yọ ga nìkan ni ẹfun ń kàn. Bó bá jẹ́ pé orí bàbà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ìlà tó mú ṣáṣá lẹ óò rí, yíǹkì rẹ̀ á ga díẹ̀ lórí bébà, etí bàbà náà á sì ti tẹ àmì onígun mẹ́rin yí àwòrán ká; ẹ lè fi ìka mọ̀ ọ́n. Bó bá wá jẹ́ ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ìgbàlódé tẹ̀ láti inú fọ́tò, tótótó tó tò létòlétò lẹ óò rí, bí wọ́n ṣe jìnnà síra kò ní yàtọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí tótótó onípupa, aláwọ̀ òféfèé àti oníyẹ́lò tó wọnú ara wọn, ẹ ká awò yín kúrò, kàlẹ́ńdà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn iléeṣẹ́ ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà ti fi àwòrán Currier & Ives ṣe kàlẹ́ńdà lọ́pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn gé e, wọ́n fi sínú fírémù, ọmọ wọn sì jogún rẹ̀ bí ojúlówó.

Èyí kan wa nílé náà. Aláké Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1898 sí 1920, lọ sí London ní 1904, ó sì bá Ọba Edward Keje pàdé. Àwọn ìwé ìròyìn alàwòrán ibẹ̀ gbé e jáde. Nígbà yẹn, títẹ fọ́tò ní tótótó ti gbòde kan. Bí ẹnìkan bá wá gbé Kábíyèsí wá fún yín nínú fírémù aláwọ̀ wúrà, tó ní àwòrán orí òkúta ni, ẹ fi awò wò ó. Ojú ìwé ìròyìn tí wọ́n gé ló máa ń jẹ́, ẹnìkan sì lè ti kun agbádá náà nígbà tó yá. Mo fẹ́ràn irú rẹ̀, mo sì rò pé Ẹ̀gbá ni kó san owó tó pọ̀ jù fún un. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ la ó pè é.

Ní báyìí, àwọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tan ènìyàn jù nìyí, màá sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, dúdú nìkan ló ń jáde láti orí òkúta. Nílé Currier & Ives, àwọn obìnrin ló ń fi omi ọ̀dà kùn ún, wọ́n á jókòó ti tábìlì gígùn, èyí tí wọ́n ti kùn tán gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ á wà níwájú wọn. Ẹni tó mú pupa, pupa ló ń kùn. Ó ti ṣe tirẹ̀, ó ti í sí ẹnìkejì tó mú àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ kíákíá ni, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí náà àwọ̀ ojúlówó máa ń yà kúrò lójú ìlà díẹ̀. Pupa aṣọ ìkélé á gun orí èjìká, àwọ̀ ewé á tán kó tó kan etí tábìlì. Bí ẹ bá rí àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ gún régé, tí òjìji rẹ̀ rọra ń yí láti orí pupa sí òmíràn, tí ojú ẹni náà ń dán bí ẹni pé àná ló wẹ̀, ẹ fura. Oníṣọ̀nà tó ní àsìkò ló kùn ún, àsìkò yẹn kò sì sí lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà òde òní ni pé àwòrán tí kò ní àwọ̀ kì í tà bíi èyí tó ní. Àwọn ìwé ìròyìn bíi Illustrated London News tó bẹ̀rẹ̀ ní 1842, àti Harper's Weekly ti Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1857, orí igi ni wọ́n ti ń gbẹ́ àwòrán wọn, dúdú ló sì ń jáde. Oníṣòwò á ra ẹ̀dà tó ti ya, á gé ojú aṣáájú kan jáde, á kùn ún, á fi páálí yí i ká, owó ti di ìlọ́po. Bó bá sọ pé òun ló kùn ún, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Èyí tí kì í sọ ló wà. Ẹ yí i sẹ́yìn: bí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn bá wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó bá sì lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ páálí kí ẹ má bàa rí i, ẹ bi í léèrè kí ló ń fi pamọ́.

Báwo la ṣe ń mọ ọjọ́ orí àwọ̀? Ẹ tú u kúrò nínú fírémù. Etí tí igi bò, ìmọ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀. Bí pupa inú àwòrán bá ti ṣá, tí pupa abẹ́ etí fírémù sì ṣì yọ, àwọ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi sínú fírémù. Ẹ wá wo ẹ̀yìn bébà ní ibi tí àwọ̀ ewé wà níwájú. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe irú àwọ̀ ewé kan láyé àtijọ́, bàbà yẹn a máa jẹ bébà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi di rúsúrúsú. Ọmọ àná kò lè ṣe àyédèrú ìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó ti ká tàbí tó ti ya. Ọ̀dà tó ti wà kí bébà tó ya, ó bá bébà ya ni, etí rẹ̀ á mọ́. Ọ̀dà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á ṣàn wọnú ojú ibi tó ya, á sì dúdú síbẹ̀.

Ẹ bá mi lọ sórí Lincoln wa. Pupa aṣọ ìkélé: abẹ́ fírémù ṣì rẹwà, àárín ti ṣá. Àwọ̀ ewé: ẹ̀yìn bébà ti jóná níbẹ̀, ẹ wò ó. Dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nìyí, pupa rẹ̀ yàtọ̀ sí pupa aṣọ ìkélé, ó sì ṣàn wọ ojú ìká kan tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kọjá. Ẹnìkan nínú ilé ló ṣe é, bóyá ó rí i pé ààrẹ náà ti rù jù. (Ẹ̀rín sọ níbí, bàbá ilé náà fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.) Ìtúnṣe kékeré ni, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé ìdíyelé, ó sì máa yọ díẹ̀ kúrò nínú owó.

Iná kan wà tí ẹ lè lò, tọ́ọ̀ṣì elésè-àlùkò tí àwọn báńkì fi ń yẹ náírà wò. Láti nǹkan bí 1950 ni wọ́n ti ń po èròjà kan mọ́ bébà kó lè funfun. Tí iná yìí bá kan irú bébà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, ó máa ń tàn yòò. Bébà ọdún 1860 kò gbọdọ̀ tàn. Tiwa kò tàn.

Èmi máa ń gbádùn ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n. Nígbà tí Lincoln ń du ipò ní 1860, kò ní irùngbọ̀n. Àwọn òǹtẹ̀wé lo fọ́tò tí Mathew Brady yà ní oṣù Kejì ọdún náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ní oṣù Kẹwàá, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan, Grace Bedell, kọ lẹ́tà sí i pé ojú rẹ̀ ti tín-ín-rín jù, kó dá irùngbọ̀n sí. Ó dá a sí. Òǹtẹ̀wé tó ti ná owó sórí òkúta àti bàbà wá dé ibi tí kò mọ ohun tó máa ṣe. Àwọn kan fi irùngbọ̀n kún orí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, láìrí bí irùngbọ̀n náà ṣe rí. Nítorí náà ẹ máa rí Lincoln tí irùngbọ̀n rẹ̀ dà bíi pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú. Àmì ọjọ́ orí ni, ó ń sọ fún wa pé kò ju ìparí 1860 tàbí 1861 lọ.

Àwọn kan ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1852, wọ́n gbẹ́ àwòrán John Calhoun, olóṣèlú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbèjà oko ẹrú. Ó dúró gbọnin-gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ìwé wà lórí tábìlì náà. Lẹ́yìn ikú Lincoln, òǹtẹ̀wé kan, William Pate, mú irú ara yẹn, ó gbé orí Lincoln lé e. Ó tún yí ọ̀rọ̀ tó wà lára àwọn ìwé náà padà: níbi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ nípa agbára ìpínlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìkéde òmìnira ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó dá ẹrú sílẹ̀ wá dúró lórí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ kí ẹrú máa jẹ́ ẹrú. Irú ìtẹ̀ yìí níye lórí, ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì gbé e ga, ẹwà rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà á ta á bí Lincoln kan lásán.

Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán ńkọ́? Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á bí ẹ̀rí. Lábẹ́ àwòrán Delany tí mo sọ, wọ́n kọ ọ́ pé ojú ogun ni wọ́n ti gbé e ga nítorí ìgboyà rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Washington ló ti gba ipò rẹ̀, kò tíì dé ojú ogun. Òǹtẹ̀wé mọ ohun tí oníbàárà fẹ́ kà, ó sì kọ ọ́. Ohun tí mo máa ń fọkàn tán ju ìyìn lọ ni àdírẹ́sì. Ẹ wò ó nísàlẹ̀ níbí, ní lẹ́tà wínníwínní: 152 Nassau Street. Iléeṣẹ́ Currier & Ives kó kúrò níbẹ̀ ní 1872. Ìtẹ̀ yìí ti wà kí ó tó di ìgbà yẹn, èyí sì bá bébà àti àwọ̀ rẹ̀ mu.

Mo ti ń fi ọgbọ́n yẹra fún ìtàn ìdílé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé Bowen, òyìnbó Onítẹ̀bọmi, ló fún bàbá ńlá wọn ní àwòrán yìí, lọ́wọ́ sí ọwọ́, ní Abẹ́òkúta níbí. Thomas Jefferson Bowen wá lóòótọ́, ó dé ìlú yìí ní 1850. Ṣùgbọ́n ó padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Lincoln kò di ààrẹ títí di 1861, àwòrán yìí sì pè é ní ààrẹ. Kò lè ti ọwọ́ Bowen bọ́ sílẹ̀ níbí.

Ìyá kan nínú ìdílé náà dìde, ó ní, "Ṣé irọ́ ni bàbá wa wá pa fún wa ni?" Rárá mà. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, tàbí ẹni tó lọ sí Amẹ́ríkà tó sì bọ̀, lè ti mú un wá nígbà tó yá. Bí ìtàn bá ti ń rìn láti ẹnu dé ẹnu, orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló máa ń gbé orúkọ tí wọ́n ti gbàgbé mì. N kò ní kí ẹ má sọ ìtàn yín. Mo kàn ní mi ò lè fi owó lé e. Ohun tí mo lè fi owó lé ni èyí tí ẹ kó wá mọ́ àwòrán náà láìmọ̀ pé ó wúlò: fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n kọ 1938 sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìyàwó. Lincoln wà lórí ògiri nínú fírémù yìí gan-an. A ti mọ̀ pé ó ti wà nílé yín ṣáájú ọdún náà. Ẹ so fọ́tò náà mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pínyà láé.

Lórí bí ó ṣe mọ́ sí, n kò ní pẹ́. Àmì rúsúrúsú tó ń yọ lára bébà, ìrì àti àìsí afẹ́fẹ́ ló ń fà á, òjò Abẹ́òkúta sì tó bẹ́ẹ̀ láti fà á. Dígí tó kan àwòrán lójú kò dára. Pákó tó kàn án lẹ́yìn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kan inú igi ń wọ bébà, ikán sì ń tẹ̀lé e. Ìbànújẹ́ mi tó tóbi jù ni àwọn tó ń ṣe fírémù tí wọ́n máa ń gé etí àwòrán kó lè gba inú fírémù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Etí yẹn ni àdírẹ́sì òǹtẹ̀wé wà! Àwòrán tí wọ́n gé etí rẹ̀ lè sọ ìdajì owó rẹ̀ nù. Èyí tí wọ́n fi láménétì bò, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ẹni tó ṣe é. Ó ti parí.

Owó ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi iye náà ṣe. Iye tí a ó kọ fún ìbánigbófò ni èyí tí a ó fi rí irú rẹ̀ rà lọ́wọ́ oníṣòwò, ó máa ń ga. Iye tí gbàǹjo máa san fún yín máa ń relẹ̀, wọ́n á tún yọ owó tiwọn. Iye tí ẹ fi máa pín ogún kò gbọdọ̀ jẹ́ ti gbàǹjo kan tó dára lọ́dún kan. Àti pé ẹni tó díye lé nǹkan yín, tó sọ fún yín pé òun náà á rà á, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé nǹkan yín lọ. Bákan náà ni ẹni tó ní kí ẹ fún òun ní ìdá mẹ́wàá iye tí òun bá kọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti kọ ọ́ tó ni owó òun ṣe máa pọ̀ tó.

Ti Lincoln yìí, ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyí: ìtẹ̀ orí òkúta ti Currier & Ives, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún nígbà tó jáde, ìtúnṣe kékeré lẹ́rẹ̀kẹ́, ìká kan, etí rẹ̀ pé, ó ti wà nílé kan náà ní Abẹ́òkúta ṣáájú 1938. Lórí gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ. Mílíọ̀nù ogún kò sí níbẹ̀. Bàbá ilé náà gbọ́, ó ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ tà á.

Nígbà ìbéèrè, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ hàn mí, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni, wọ́n ti fi àwọ̀ kun fìlà rẹ̀. Ó bèèrè bóyá ìtẹ̀ ni. Mo ní kó mú un wá sójú ìmọ́lẹ̀ kó yí i díẹ̀. Bí ibi tó dúdú bá ń dán bíi fàdákà, fọ́tò ni wọ́n kùn, kì í ṣe ìtẹ̀. Kó wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá sítáǹpù ayàwòrán wà níbẹ̀, ìyẹn ló máa pinnu púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Ìyá kan bèèrè bóyá ó lè fi aṣọ tútù nu ti òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi omi kàn án. Omi ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, á ṣàn." Ó ní òun ti nù ún. A jọ dákẹ́ díẹ̀.

Ẹni tó bèèrè kẹ́yìn, olùkọ́ ìtàn ni, ó ní ṣé kò yẹ kí àwòrán Delany wà nínú kíláàsì òun, nígbà tó jẹ́ pé níbí ló ti tọwọ́ bọ àdéhùn. Ó yẹ. Ojúlówó rẹ̀ kò ní rọrùn láti rí, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òǹtẹ̀wé tó bá mọṣẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ̀dà ni, kó kọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kó sì kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sí i. Ó ní kí nìdí tó fi jẹ́ pẹ́ńsù. Mo ní nítorí pé yíǹkì bírò máa ń là sójú kejì bébà.